Bí a ṣe ń rí ìdílé tuntun fún jẹ́lé-ó-sinmi àdúgbò: ìbéèrè àti ìdáhùn

Mo ní ilé-ìwé kékeré kan n'Íbàdàn, jẹ́lé-ó-sinmi àti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Níbi ìpàdé àwa onílé-ìwé, ìbéèrè kan náà ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ máa ń bi mí lọ́dọọdún, pàápàá láti oṣù Karùn-ún tí ọkàn kálukú ti wà lórí oṣù Kẹsàn-án. Mo kó wọn jọ síbí, pẹ̀lú ìdáhùn ẹni tí kò lówó ìpolówó púpọ̀.

Ọmọ ọdún mélòó ni jẹ́lé-ó-sinmi wà fún?

Ọmọ ọdún 3 sí 5 ni. Àwọn tí kò tíì pé ọdún 3, kéréṣì ni tiwọn, níbi tí a ti ń pààrọ̀ páńpáàsì, tí a sì ń tẹ́ ọmọ sùn. Ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 2013 ka ọdún kan tó ṣáájú alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, èyí tí ọmọ ọdún 5 ń ṣe, mọ́ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Bí òbí bá ní tààrà lòun máa mú ọmọ lọ sí kíláàsì kìíní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ ní ohun tí ẹ lè tọ́ka sí.

Ẹ wo orúkọ náà fúnra rẹ̀: jẹ́ kí ilé ó sinmi. Ẹni tó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí ìyá ń wá. Ìyá tó ń ta aṣọ ní Gbági fẹ́ kí ọwọ́ òun dilẹ̀ láti tajà, kí ọkàn òun sì balẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ìwé kíkà ń bọ̀ lẹ́yìn. Ibi tí ọkàn ìyá bá ti balẹ̀ ni ìdílé tuntun ń wá, òun ló sì wà nídìí gbogbo ìdáhùn tó kù.

Ìgbà wo ló yẹ ká bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọmọ?

Oṣù Kẹsàn-án ni táàmù kìíní ń wọlé, àmọ́ láti oṣù Karùn-ún sí oṣù Keje ni àwọn òbí ti ń pinnu. Ẹni tó dúró di ìparí oṣù Kẹjọ kó tó gbé bánà kọ́ ti pẹ́. Léṣìnì ìsinmi inú oṣù Kẹjọ wúlò gan-an: ọmọ á wá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ìyá á ti mọ ọ̀nà, ọmọ á ti mọ orúkọ àǹtí rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó bá wá bẹ́ẹ̀ ló ń dúró.

Oṣù Kìíní náà ní tirẹ̀. Àwọn tó kó wá sí àdúgbò kí ọdún tó parí, àti àwọn tí ọmọ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 3, ìgbà náà ni wọ́n máa ń yọjú.

Níbo la ti máa rí wọn?

Nítòsí. Ọmọ ọdún 3 kì í rìn jìnnà, ẹni tó ń gbé e wá náà kò fẹ́ rìn jìnnà. Ẹ bọ́ síta ní aago méje àárọ̀, kí ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún rìn sápá ọ̀tún, kí ẹ tún fi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún rìn sápá òsì. Ilé tí aṣọ ọmọ wẹ́wẹ́ bá ti ń gbẹ lórí okùn, ẹ fi sọ́kàn. Ọdọọdún ni mo ń ṣe é, kò sì sí ọdún tí n kì í rí ilé tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọmọ wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ síbi tí àwọn ìyá ti ń jókòó pẹ́: ṣọ́ọ̀bù onídìrí, ọ̀dọ̀ aránṣọ, àti ilé ìwòsàn àdúgbò lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára. Wọ́n ń fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ nígbà tí wọ́n bá bí i, ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14, lẹ́yìn náà ní oṣù 9 àti oṣù 15. Ìyá tó wá gba ti oṣù 15 ti ń ronú ẹni tí yóò máa bá òun wo ọmọ. Ẹ gba àyè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tó ń ṣe olórí ibẹ̀ kí ẹ tó pín ìwé kankan. Ní tèmi, mo rí i pé inú oòrùn ni àwọn ìyá ń dúró sí, mo bá kan bẹ́ǹṣì méjì àti ìbòrí páànù fún wọn. N kò kọ orúkọ ilé-ìwé sí i lára. Àwọn nọ́ọ̀sì ló ń sọ fún wọn.

Kí ló yẹ kó wà lára bánà àti ìwé ìléwọ́?

Orúkọ ilé-ìwé, ọjọ́ orí ọmọ tí ẹ ń gbà, aago tí ẹ ń ṣí àti aago tí ẹ ń tì, àmì ibi tí ẹ wà, àti nọ́ńbà kan tí ẹnì kan máa gbé. Ó tó bẹ́ẹ̀. Bánà tí wọ́n kọ nǹkan ogún sí, ẹni tó wà lórí ọ̀kadà ò lè kà á. Àwòrán ilé-ìwé yín gan-an ni kí ẹ lò. Bí òbí bá dé, tó rí i pé yàrá tó wà lára bánà kò sí nílẹ̀, kò ní gba ohun tó kù tí ẹ bá sọ gbọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ ri pátákó mọ́ ẹ̀bá títì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ó ní owó tirẹ̀. L'Ékòó, LASAA, àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń rí sí pátákó ìpolówó, ló ń bójú tó o. Ní ìpínlẹ̀ mìíràn, ẹ béèrè ní ìjọba ìbílẹ̀ yín kí ẹ tó pe wẹ́dà.

Òbí pè, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ mà, èló ni owó ilé-ìwé yín?" Ṣé ká sọ ọ́ lórí fóònù?

Ẹ sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló máa ń ní, "Ẹ kọ́kọ́ wá ná." Ìyá tó ń pè ti ka owó ọwọ́ rẹ̀, ó kàn fẹ́ mọ̀ bóyá kí òun wọkọ̀ wá ni. Bí ẹ bá fi pamọ́ fún un, á rò pé ó ti ju agbára òun lọ, kò sì ní pè mọ́.

Kí ẹ sì sọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan: owó fọ́ọ̀mù, owó táàmù, aṣọ ilé-ìwé àti ti eré ìdárayá, ìwé, owó oúnjẹ bí ẹ bá ń sè, owó PTA, owó ayẹyẹ ìparí ọdún. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé pélébé kan kó lè mú un lọ fi han ọkọ rẹ̀. Mi ò tíì rí ìdílé tó bínú kúrò lọ́dọ̀ wa torí owó tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Èyí tó ń yọjú láàárín táàmù, "ẹ mú ẹgbẹ̀rún méjì wá fún èyí, ẹ mú ẹgbẹ̀rún mẹ́ta wá fún tọ̀hún," ìyẹn ló ń sú wọn.

Òbí ń bọ̀ wá wo ilé-ìwé. Kí la máa fi hàn án?

Ilé ìyàgbẹ́ àwọn ọmọ ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Ní ọdún kẹta tí a ṣí, obìnrin kan wọlé tọ̀ mí wá nínú aṣọ iṣẹ́ báǹkì. Ó fetí sí gbogbo ọ̀rọ̀ mi ní ọ́fíìsì, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Nígbà tí mo dákẹ́, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé mo lè lo ilé ìtọ̀ àwọn ọmọ?" Ó wọlé. Mo gbọ́ bó ṣe yí ẹnu ẹ̀rọ, omi ò wá. Garawa tó wà níbẹ̀ ti gbẹ, ike ìbomi dojú dé nínú rẹ̀. Ó jáde, ó dúpẹ́, n kò sì rí i mọ́ títí dòní. Láti ọjọ́ náà, kí n tó fẹnu kan tíì láàárọ̀, mo ti yẹ garawa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò.

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni kí ẹ ní kó wá, nígbà tí ilé-ìwé ń lọ lọ́wọ́. Ẹ mú un dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì, kí ẹ dákẹ́. Kó gbọ́ bí àǹtí ṣe ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ nígbà tí àǹtí ò tíì mọ̀ pé àlejò wà lẹ́yìn òun. Kó rí ẹní tí wọ́n ń sùn lé, omi tí wọ́n ń mu, ọgbà tó yí ilé ká, géètì àti ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kànga bá wà nínú ọgbà, ẹ fi ìdérí rẹ̀ àti àgádágodo rẹ̀ hàn án kó tó béèrè.

Bó bá mú ọmọ lọ́wọ́, ẹ lóṣòó kí ẹ kí ọmọ, torí ojú ọmọ ni ìyá ń wò. Ẹ má ní kó ka A, B, D lójú àlejò bí ẹni ń dán an wò. Ẹ yí bọ́ọ̀lù kékeré sí i. Bí ìyá bá ní ó yá kí àwọn máa lọ, tí ọmọ fi igbe ta pé òun ò lọ, ọ̀rọ̀ yín kò tún pọ̀ mọ́.

Kí ni àwọn òbí fẹ́ mọ̀ tí wọn kì í béèrè?

Ta ló máa gbé ọmọ mi bí mo bá lọ tán? Ṣé wọ́n máa nà án? Ta ni wọ́n máa fi lé lọ́wọ́ nígbà ìpadàbọ̀? Ẹ dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí wọ́n tó lanu.

Tiwa rèé. Àǹtí kan àti olùrànlọ́wọ́ kan ló ń mójú tó ọmọ méjìlá ní kíláàsì ọlọ́dún mẹ́ta. Pàṣán kò sí nínú ọgbà wa. Òbí á kọ orúkọ ẹni mẹ́ta tó lè wá mú ọmọ sílẹ̀, pẹ̀lú àwòrán wọn. Ẹnikẹ́ni mìíràn tó bá wá, ìbáà jẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyá, á jókòó títí a ó fi bá ìyá sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Èyí ti dá ìjà sílẹ̀ rí. Àbúrò bàbá ọmọ kan pariwo mọ́ mi ní géètì títí àwọn aládùúgbò fi jáde síta. Ìyá ọmọ yẹn ló lọ ròyìn rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìdílé méjì sì ti ibẹ̀ wá bá wa.

Ṣé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ká máa sọ kí àwọn òbí lè wá?

Ọ̀pọ̀ òbí ló ń fẹ́ bẹ́ẹ̀, n kò sì bá wọn wí, torí ojú ayé ni wọ́n ń wò. Àmọ́ ọmọ ọdún 3 tí ìtọ̀ ń gbọ̀n, tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n sì ti sọ fún pé Yorùbá kò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀, ara ló máa tọ̀ sí. Mo rí ọ̀kan bẹ́ẹ̀ ní ilé-ìwé tí mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó dá tèmi sílẹ̀. Ọmọ náà di etí yẹ̀rì rẹ̀ mú, ó ń wo ẹnu àǹtí, omi ń ṣàn lọ sínú bàtà rẹ̀.

Bí òbí bá ní kí n mú ẹ̀rí wá, Ilé-Ifẹ̀ ni mo máa ń mú un lọ. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ mú àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi Yorùbá kọ́ wọn ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀ bí iṣẹ́ kan. Àwọn ọmọ mìíràn bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún kẹrin bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ iṣẹ́ wọn wò, àwọn ọlọ́dún mẹ́fà Yorùbá ló ṣe dáadáa jù, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀.

Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà kíkọ́ ọmọ ní èdè abínibí ní 2022, wọ́n sì fagi lé e ní 2025, nítorí náà ẹ má fi ìjọba ṣe agbátẹrù ọ̀rọ̀ yín. Ẹ sọ ohun tí ẹ ń ṣe. Lọ́dọ̀ wa, Yorùbá la fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún, òun la fi ń pàlọ́, tí a fi ń kí àgbà. Gẹ̀ẹ́sì ń wọlé lójoojúmọ́ nínú orin àti eré. Ọmọ tó bá délé, tó kúnlẹ̀ kí ìyá àgbà rẹ̀ "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà" láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an létí, ìyá àgbà yẹn á sọ ọ́ dé gbogbo ilé tó mọ̀.

Ilé-ìwé kejì ti ń kọ́ ọmọ ọdún 3 ní A dé Z, tiwa ń mọ amọ̀. Kí la máa sọ fún òbí?

Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe é. Lẹ́ẹ̀kan ní táàmù, a ń pe àwọn òbí láàárọ̀ Sátidé. Orí àga kéékèèké àwọn ọmọ ni wọ́n ń jókòó sí. A fún wọn ní amọ̀ kí wọ́n mọ ọ́n, ìlẹ̀kẹ̀ kí wọ́n sín in, ẹ̀wà kí wọ́n ṣà. Lẹ́yìn náà a ní kí wọ́n fi ọwọ́ òsì kọ orúkọ wọn, ẹni tó bá jẹ́ alòsì á lo ọ̀tún. Ọwọ́ á máa gbọ̀n, àwọn kan á máa bú sẹ́rìn-ín. A wá sọ fún wọn pé bẹ́ẹ̀ ni bírò ṣe rí lọ́wọ́ ọmọ ọdún 3, pé egungun ọwọ́ rẹ̀ kò tíì gbó, amọ̀ àti ìlẹ̀kẹ̀ ló ń fún ìka ní agbára tí yóò fi di pẹ́ńsù mú láìpẹ́.

Lọ́jọ́ kan, bàbá kan tó jẹ́ mẹkáníìkì bá mi là á yé àwọn tó kù. Ó ní ọmọ iṣẹ́ tí kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń di sípánà mú, ta ló jẹ́ fún un ní ẹ́ńjìnnì tú? Mo kàn ń pín omi fún wọn ni, ọ̀rọ̀ ti tán.

Ilé-ìwé ìjọba ò gbowó. Kí ló máa mú òbí sanwó fún wa?

Òótọ́ ni. Òfin UBE ti 2004 sọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ di ọ̀fẹ́, ó sì ka ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ ọmọ kékeré mọ́ ọn. Ilẹ̀ Yorùbá sì ti mọ adùn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ láti oṣù Kìíní 1955 lábẹ́ ìjọba Awólọ́wọ̀. Ẹ má bu ẹnu àtẹ́ lu ilé-ìwé ìjọba láti fi ta tiyín. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti kàwé.

Ohun mẹ́ta la lè gbé kalẹ̀: ọmọ díẹ̀ nínú kíláàsì kan, aago tó bá iṣẹ́ òbí mu, àti ẹni tó máa gbé fóònù nígbàkígbà tí ìyá bá pè. Bí a kò bá ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òbí tó gba ọ̀nà ọ̀fẹ́ lọ kò ṣì ṣe.

Ṣé ká dín owó kù kí ọmọ lè pọ̀?

Ẹ má dín in fún àlejò nìkan. Ìyá tó ti ń sanwó pé láti ọdún méjì á gbọ́, ó sì máa dùn ún. Ẹ lè dín in fún àbúrò ọmọ tó ti wà lọ́dọ̀ yín. Ohun tó sì ti ràn wá lọ́wọ́ jù ni sísan díẹ̀díẹ̀. A ní àwọn ìyá ọlọ́jà tó ń san owó táàmù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bí ẹni ń dá àjọ, pẹ̀lú káàdì tí a ń fàlà sí. Wọ́n sábà máa ń san tán ṣáájú àwọn tó ń gbowó oṣù.

Ẹ sì rántí pé nínú owó yẹn lowó àǹtí wà. Bí ẹ bá gé e jù, àǹtí tí àwọn ọmọ fẹ́ràn á wá iṣẹ́ síbòmíràn, àwọn òbí á sì tẹ̀ lé e.

Ṣé àwọn òbí bìkítà bóyá a ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba?

Wọ́n ń bìkítà ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ẹ gba ìwé àṣẹ yín ní iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀, kí ẹ fi í sínú férémù, kí ẹ gbé e kọ́ síbi tí òbí máa rí i nígbà tó bá jókòó. Bí ẹ bá ṣì ń lépa rẹ̀, ẹ sọ ibi tó dé. Ẹ má kọ "ìjọba fọwọ́ sí i" sára bánà nígbà tí wọn kò tíì fọwọ́ sí i.

Ọmọ ń sunkún lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ìyá sì fẹ́ mú un kúrò. Kí la máa ṣe?

Ọjọ́ tó gba fọ́ọ̀mù ni kí ẹ ti sọ fún un pé ẹkún ń bọ̀. Ìyá tí a kò kìlọ̀ fún á rò pé nǹkan ló ṣe ọmọ òun. Lọ́jọ́ kìíní, ẹ jẹ́ kí ìyá jókòó tì í fún wákàtí kan, kí wọ́n jọ lọ sílé. Lọ́jọ́ kejì, kó dágbére fún un, kó sì lọ. Kó má ṣe sá gba ẹ̀yìn ilé o. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ bá pòórá mọ́ lójú kò ní gbà kó kúrò lójú rẹ̀ mọ́, nílé pàápàá.

A máa ń ní kí ìyá fi ìró rẹ̀ kan sílẹ̀, èyí tó ti ró tí kò tíì fọ̀. Ìró yẹn ni àǹtí fi ń pọ̀n ọmọ. Bẹ́ẹ̀ ni, a ń pọ̀n ọmọ ọdún 3. Ọmọkùnrin kan wà tó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Àǹtí gbé e pọ̀n, ó ń gbálẹ̀ kíláàsì lọ. Ọmọ náà ti imú bọ etí ìró, ó ń gbóòórùn rẹ̀, kí àǹtí tó gbálẹ̀ dé ìdí fèrèsé ó ti sùn lọ. Mo ya ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ rẹ̀ sórí fóònù, mo fi ránṣẹ́ sí ìyá ní ìdákọ́ńkọ́. Ó pè mí, kò lè sọ̀rọ̀. Ọmọ yẹn ti wà ní kíláàsì kẹta alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa báyìí, àbúrò rẹ̀ méjì ló sì tẹ̀ lé e wá.

Ṣé a lè gbé àwòrán àwọn ọmọ sórí WhatsApp àti Facebook?

Pẹ̀lú àṣẹ òbí nìkan, kó sì jẹ́ lórí ìwé. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023 sọ pé òbí tàbí alágbàtọ́ ló ń fọwọ́ sí lílo ìsọfúnni nípa ọmọ. Ẹ fi ìbéèrè náà sínú fọ́ọ̀mù, kí ẹ jẹ́ kí "rárá" rọrùn láti sàmì sí bíi "bẹ́ẹ̀ ni". Kódà pẹ̀lú àṣẹ, ẹ má kọ orúkọ ọmọ sábẹ́ rẹ̀, ẹ má sì gbé àwòrán ọmọ tó wà nínú pátá síta, bó ti wù kó rẹwà tó.

Àwòrán ọwọ́ tó kún fún ọ̀dà, bàtà kéékèèké tó tò sẹ́nu ọ̀nà, ìkòkò ẹ̀wà tó ń hó, àwọn yẹn náà ń bá òbí sọ̀rọ̀. Orí status WhatsApp àwọn ìyá wa ni a ti ń rí ìpè jù, torí àwọn ọ̀rẹ́ wọn ló ń wò ó.

Bí ọmọ bá ní àìlera tàbí ìpèníjà, ṣé ká gbà á?

Ẹ jókòó pẹ̀lú òbí kí ẹ tó dáhùn. Nàìjíríà ní òfin ti 2018 tó ta ko dídẹ́yẹ sí àwọn tó ní ìpèníjà ara, ẹ̀kọ́ sì wà lára ohun tó dá lé. Ẹ béèrè ohun tí ọmọ nílò lójúmọ́ kan, kí ẹ sọ èyí tí ọwọ́ yín tó àti èyí tí kò tó.

Fòníkú-fọ̀ladìde (sickle cell) la máa ń bá pàdé jù. Àwọn òbí kan ń fi pamọ́ torí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé a máa kọ ọmọ wọn. Ẹ jẹ́ kí ó hàn pé ẹ ò ní kọ̀ ọ́. Ọmọ náà nílò omi lóòrèkóòrè, aṣọ òtútù, ìsinmi nígbà tó bá rẹ̀ ẹ́, àti àǹtí tó mọ̀ pé tí ó bá ní ẹsẹ̀ ń dun òun tàbí tí ara rẹ̀ gbóná, ìyá la ń pè lójú ẹsẹ̀. Ìyá ọmọ bẹ́ẹ̀ ti wá ibi tó máa gbé e sí títí, kò sì jẹ́ gbàgbé ẹni tó gbà á.

Ilé-ìwé tuntun ṣí ládùúgbò, ó ń kó ọmọ wa lọ. Kí la máa ṣe?

Ẹ pe ìyá tó kúrò, kí ẹ bi í léèrè pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀. Ọmọ mẹ́fà kúrò lọ́dọ̀ wa ní táàmù kan ṣoṣo. Mo ti ń sọ fún àwọn àǹtí pé ọ̀dà ilé tuntun ló ń tàn wọ́n jẹ. Nígbà tí mo pè wọ́n, mẹ́rin nínú wọn sọ ohun kan náà: aago méjì la ń jáde, wọ́n sì wà ní ọjà Bódìjà títí di mẹ́fà, ẹnu máa ń ti wọ́n láti máa bẹ aládùúgbò lójoojúmọ́ pé kó bá wọn mú ọmọ. Ilé-ìwé kejì ń dúró di aago mẹ́fà.

Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, a gba àǹtí kan tó ń wọlé ní aago kan ọ̀sán. Àwọn ọmọ á jẹun, wọ́n á sùn, wọ́n á ṣeré bojúbojú nínú ọgbà títí ìyá á fi dé. Ẹ má sọ ọ̀rọ̀ àìdáa nípa ilé-ìwé kejì létí òbí kankan.

Òbí jẹ wá lówó. Ṣé ká dá ọmọ padà ní géètì?

Mo ṣe é rí, n kò sì ní ṣe é mọ́ láé. Ọmọbìnrin ọdún 4 ni. Ó ti gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, ọwọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo ní kí wọ́n padà sílé. Ó bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé, "Ṣé mo ṣẹ àǹtí ni?" Àwọn ìyá mẹ́ta tó mú ọmọ wá ló gbọ́ ọ. Owó táàmù kan ni mo ń lé, àmọ́ ohun tí àwọn ìyá mẹ́ta yẹn rí ní géètì yẹn, ó pẹ́ kó tó kúrò lójú wọn.

Gbèsè wà láàárín àgbà sí àgbà. Ẹ pe òbí wá ní aago mẹ́rin, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ jọ kọ iye tó lè san lọ́sẹ̀ kan sílẹ̀. Bí táàmù bá parí láìsan, ẹ lè ní kí ọmọ má wọlé táàmù tó ń bọ̀. Òbí ni kí ẹ sọ ọ́ fún, nígbà ìsinmi. Ẹ jẹ́ kó wà nínú ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọmọ kan fara pa, ìròyìn ti gba àdúgbò. Ṣé ìdílé tuntun ṣì máa wá?

Bí ìyá bá gbọ́ ọ lẹ́nu yín kó tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, wọ́n máa wá. Ẹ pè é lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí ẹ gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn, kí ẹ dúró tì í. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kan pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Ní ọjọ́ kejì, ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo òbí láìdárúkọ ọmọ: ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tí ẹ ti tún ṣe.

Ọmọ kan já bọ́ láti orí ìyọ̀ wa, èyí tí àwọn ọmọ fi ń yọ̀ wálẹ̀ ṣeré, lọ́dún méjì sẹ́yìn, ó fi àgbọ̀n kọlu ilẹ̀, wọ́n rán an ní ojú mẹ́ta. Títí dòní, bí òbí tuntun bá ń wo ilé-ìwé, mo máa ń mú un dé ìdí ìyọ̀ náà. Mo ń sọ fún un pé ọmọ kan ṣubú níbí, pé kọnkéré ló wà nílẹ̀ nígbà yẹn. Mo wá ní kó fi ẹsẹ̀ tẹ rọ́bà nípọn tí a tẹ́ síbẹ̀ báyìí. Ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń bọ́ bàtà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́.